Àyè Ọkọ̀ Adérìnsọ́lá

Ẹni tó ya àwòrán àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn Túdùn Wàdá ní Jọ́ọ̀sì, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó ro ti ilé ìdáná, ó ro ti balùwẹ̀, ó tilẹ̀ ro ibi tí wọ́n á ti máa sá aṣọ. Nígbà tó wá kan ti mọ́tò, ó ní fúláàtì mẹ́rin, àyè méjì àti díẹ̀ ti tó wọn. Lọ́kàn tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ò ní kúrò lórí kẹ̀kẹ́ láéláé. Kò mọ̀ pé owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ti yí ojú ayé padà. Kí wọ́n tó kun ilé náà tán, tíṣà ti ra mọ́tò, akọ̀wé kóòtù ti ra, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wà ti ra tirẹ̀, ó ń nù ún láràárọ̀, ó ń wò ó.

Lókè ilé kẹta, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni Tíṣà Adérìnsọ́lá ń gbé. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni. Ọdún 1963 ni wọ́n gbé òun àti ọkọ rẹ̀ wá sí Jọ́ọ̀sì, òun síléèwé, ọkọ rẹ̀ sí ọ́fíìsì rélùwéè. Ọkọ náà kú ní 1974, ó fi ọmọbìnrin kan àti mọ́tò Ìjàpá aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ l'Ádó, ó wá ku òun àti Ìjàpá.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ hàn lójú kó tó dé ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló ní tí àwọn ènìyàn fi ń sá fún un: kò lè gbọ́ Yorùbá tó wọ́ kó má tún un ṣe. Bó o bá kí i, tí ohùn rẹ yẹ̀, á kọ́kọ́ tún ìkíni náà ṣe kó tó dá ọ lóhùn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì, tí Háúsá ti gba ahọ́n wọn, bí wọ́n bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, "Sànnú, Málàmá" ni wọ́n máa ń kí i, kó má baà rí nǹkan tún ṣe.

Ẹni tí kò bá gbé Jọ́ọ̀sì rí lóṣù Kejìlá, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ òtútù. Ọyẹ́ ibẹ̀ ń wọ eegun. Ìjàpá Tíṣà sì kórìíra ọyẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ, nítorí bátìrì rẹ̀ ti darúgbó. Bó bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, mọ́tò á ní kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, á mí kanlẹ̀, á dákẹ́. Bátìrì tuntun kẹ̀? Owó iléèwé ọmọ ló ń wà níwájú, bátìrì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọgbọ́n kan ló kù, òun náà ni gbogbo onímọ́tò àlòkù ní Jọ́ọ̀sì ń dá: kó o gbé mọ́tò sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, á tu bíréèkì, mọ́tò á máa yí lọ fúnra rẹ̀, á jù ú sí jíà kejì, Ìjàpá á ta gìrì, á jí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà ilé náà, lẹ́nu géètì, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ilẹ̀ ti dà sí títì. Gbogbo ìyókù ọgbà tẹ̀ wọnú bí àwo ọbẹ̀. Mọ́tò tí kò bá jí nísàlẹ̀ yẹn, àfi kí ènìyàn mẹ́rin tì í gòkè. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, ènìyàn mẹ́ta ló ń du ú.

Àlháájì Sàláúdéènì tó ń gbé nílẹ̀ ń du ú. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń ta aṣọ ní Gángàrè. Pijó tirẹ̀ ò níṣòro, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sé òun mọ́nú ọgbà láàárọ̀, pé ọjà kì í dúró de ẹni. Olúkọ́lá tó ń gbé lókè lọ́wọ́ òsì náà ń du ú. Àpọ́n ọmọ Oǹdó ni, Wọ́ọ̀kìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní oòrùn ò gbọdọ̀ ba ọ̀dà Dátósìn òun jẹ́, abẹ́ máńgòrò nìkan ló dáa fún un. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló wà ní fúláàtì kẹrin. Òun nìkan ló ń fi ọkàn balẹ̀ sùn nínú ilé náà.

Wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ìyẹn ló wá sọ àgbà di ọmọdé. Olúkọ́lá ń sá níṣẹ́ ní aago méjì. Àlháájì ń ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oníbàárà ṣì ń tọwọ́ bọ àpò. Tíṣà gbé àga kan sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó tó lọ sí iléèwé, láti fi gba àyè sílẹ̀. Nígbà tó dé, ó bá odó Hàbíbátù, ìyàwó Àlháájì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó sì bá ìkòkò omi Olúkọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Àga, odó àti ìkòkò ló sun orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́jọ́ náà. Mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn ní títì.

Fún àwọn méjì yòókù, ọ̀rọ̀ ìgbéraga àti ọ̀dà mọ́tò ni. Fún Tíṣà, iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980, wọ́n fi í ṣe adelé ọ̀gá iléèwé rẹ̀, obìnrin kan ò sì tíì jẹ ọ̀gá níbẹ̀ rí. Àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn máa ṣọ́ ọ títí di Ọdún Àjíǹde. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ó ti pẹ́ dé iléèwé lẹ́ẹ̀mejì, Ìjàpá ló fà á, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó padà sí kíláàsì, kí àwọn wá ọkùnrin tó lè tètè jí. Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó dun ún dé ìfun. Ó ti ń jí láago mẹ́rin àbọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Mọ́tò ni kì í jí.

Bó ṣe pinnu nìyẹn pé òun máa ri pátákó mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ó mú ìwé pélébé, ó kọ ohun tó fẹ́ sí i, ó fi gbogbo àmì ohùn sí i, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀: ÀYÈ ỌKỌ̀ ADÉRÌNSỌ́LÁ. Ẹ MÁ GBÀ Á. Ó mú un lọ fún Samuel, ayàwòrán pátákó ní Gángàrè. Ará Ọ̀ffà ni bàbá àti ìyá Samuel, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, Háúsá ló fi ń lá àlá. Samuel wo ìwé náà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Ó ti yé e: bírò Tíṣà ló ń ta ínkì sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀kán ínkì tó wà lórí àti lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, Samuel fi ọ̀wọ̀ yọ wọ́n kúrò.

Nígbà tí Tíṣà lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Samuel dé, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó fi sìmẹ́ǹtì ri pátákó náà mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin, ó sì gba ọ̀nà Ọ̀ffà lọ síbi ìsìnkú ìyá àgbà rẹ̀. Ọ̀dà pupa lórí funfun ni, gàdàgbà-gàdàgbà: AYE OKO ADERINSOLA. E MA GBA A.

Àlháájì ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti dàgbà kó tó kọ́ ìwé Yorùbá ní kíláàsì àwọn àgbà, tó bá ń kàwé, ó máa ń kà á jáde, ó máa ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ó dúró níwájú pátákó, ó ní, "Àyè... ọkọ... Adérìnsọ́lá." Ó ká ọwọ́ babarìgà rẹ̀ sókè. "Ẹ... máa... gbà á." Ẹ̀rín gbé e, ó fẹ̀yìn ti igi máńgòrò. Ó pe Hàbíbátù, Hàbíbátù pe nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí Tíṣà dé láti ìpàdé, Àlháájì ń dúró dè é lẹ́nu àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó wá gba iṣẹ́.

"Tíṣà, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ní méjì nílé, ṣé àyè ṣì wà fún un láti kọ̀wé?"

"Kọ̀wé kí ni, Àlháájì?"

"Kọ̀wé fún ipò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì."

Tíṣà padà lọ wò ó. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ohun tó ní lọ́kàn. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́ ohun tí gbogbo Túdùn Wàdá máa gbọ́. Opó tó ń gbé lóun nìkan ti lẹ pátákó mọ́ ẹ̀bá títì pé àyè ọkọ wà lọ́dọ̀ òun, kí àwọn ènìyàn máa gbà á. "Ta ló jẹ àmì mi?" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Inú bí i, ó fi ẹsẹ̀ ta pátákó náà, sìmẹ́ǹtì Samuel ò mì. Nígbà tó dókè tó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ló bá bú sẹ́rìn-ín tó fi di ìgbáròkó mú.

Àwọn ènìyàn ní kó hú u. Ó ní òun ò hú nǹkan kan, ẹni tí kò mọ̀wé kà ni kí ojú tì. Ìyẹn lohun tó ń sọ lẹ́nu. Ohun tí kò sọ ni pé pátákó náà ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀, kò sí ọkùnrin ilé náà tó jẹ́ gbé mọ́tò síbẹ̀ mọ́. Olúkọ́lá dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì tilẹ̀kùn Dátósìn tán tí Hàbíbátù fi yọrí lójú fèrèsé, "Olúkọ́lá, ṣé ìwọ náà ti kọ̀wé ni? Ó jù ẹ́ lọ o." Sáré ni ọmọkùnrin náà fi gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò. Láti Ajé títí dé Ẹtì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ di ti Tíṣà, Ìjàpá ń jí, Tíṣà sì ń débi iṣẹ́ kí aago tó lù.

Wàhálà ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kù. Ọ̀rọ̀ ti dé Angwan Rogo, ó ti dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní Jọ́ọ̀sì, àwọn tó ń wá ìyàwó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Wọ́n múra, wọ́n fi lọ́fínńdà. Níwọ̀n bí pátákó ti sọ ibi tí àyè wà, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an ni oníkálukú ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Bàbá kátíkíìsì kan ló kọ́kọ́ dé, tòun ti píkọ́ọ̀pù. Tíṣà fún un ní omi, ó fún un ní àga, ó wá na ṣọ́ọ̀kì àti síléètì tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí láìfi àmì sí i. "Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, oko. Ẹ bá mi fi àmì sí wọn." Bàbá kátíkíìsì padà sílé, ó mọ àmì ohùn, kò rí ìyàwó. Oníkẹ́mísì kan tẹ̀ lé e, ó gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó tilẹ̀ ṣe é yege, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹnì kẹta tó mú ọ̀rọ̀ náà le jù ni Lùkúmọ̀n kọngílá, tó ń wa Mẹ̀sí dúdú. Ó gba ẹ̀kọ́, kò ṣe é yege, kò sì lọ. Ó ní òun máa padà wá.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan kanlẹ̀kùn tí Tíṣà ò gbọ́ ariwo mọ́tò rẹ̀. Ọkùnrin náà kúrú, ó dúdú, irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní Olúmúyìwá lorúkọ òun, Ọ̀wọ̀ lòún ti wá, òun ló ń tún wáyà tẹlifóònù ṣe ní pósítọ́fíìsì, ìyàwó òun ti kú, ó di ọdún márùn-ún. Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì sí i bó ṣe ń nà án sí gbogbo wọn.

"Ẹ kà á fún mi, kí lẹ rí lára pátákó yẹn?"

"Ọkọ̀ ni mo kà, mà," ni Olúmúyìwá wí. "Ẹ má gbà á, ni mo kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ilé oníbúrẹ́dì lọ́hùn-ún, tí mo fẹsẹ̀ rìn wá."

Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ lẹ kà, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo ní bóyá ó tún lè jẹ́ ìkejì."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ka nǹkan kan bó ṣe yẹ fún Tíṣà Adérìnsọ́lá. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò mọ̀ pé ayọ̀ ṣì lè dé. Ó bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, ọkùnrin náà dìde, ó lọ, kò bèèrè nǹkan kan.

Bí oṣù Kìíní ọdún 1981 ti wọlé, lẹ́tà dé pé àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo iléèwé náà lọ́jọ́ Ajé, ní aago méje àbọ̀ gééré. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, Tíṣà jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé padà, ó bá Mẹ̀sí dúdú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Lùkúmọ̀n ti rán Hàbíbátù níṣẹ́: ó ní òun ń bá iṣẹ́ kan lọ sí Baúṣì fún ọjọ́ mẹ́ta, òun fi mọ́tò yìí sílẹ̀ kí Tíṣà máa rí i, kó máa rántí òun, kó sì mọ̀ pé òun ò wá ṣeré. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ ayé. Ẹni tó ní òun fẹ́ ẹ ni yóò mú kó pàdánù iṣẹ́. Ìjàpá sùn ní ìsàlẹ̀ ọgbà, nínú kòtò. Tíṣà náà kò sùn.

Aago mẹ́fà àárọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. Ó dúró, ó gbàdúrà, ó tún yí i. Kẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó gbé orí lé sítíárì. Kì í sunkún lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú nígbà tí ẹnì kan fi ìka kan gíláàsì.

Àlháájì Sàláúdéènì ni. Ó ti ká ọwọ́ jàlàbíà rẹ̀ sókè. Olúkọ́lá wà lẹ́yìn rẹ̀, bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, nọ́ọ̀sì ti wọ aṣọ iṣẹ́, Hàbíbátù ti fi ọ̀já gba ìdí.

"Ẹ tu bíréèkì, Tíṣà," ni Àlháájì wí. "Àwa la jọ ń jà, kì í ṣe àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́. Ó yá, ẹ túrà."

Túrà ni Háúsá fi ń pe kí á ti nǹkan, kò sì sí ọmọ Jọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì ti mọ́tò rí. "Túrà, túrà," ni wọ́n ń wí, Ìjàpá ń gun òkè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ó ń padà ní ààbọ̀. Èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn nínú òtútù. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ẹnu géètì, ọ̀nà ò gbà wọ́n. Mẹ̀sí wà lápá kan, pátákó wà lápá kejì, àyè tó wà láàárín wọn, tí Tíṣà lọ síwájú lọ sẹ́yìn kó tó rí i gbà wọlé lánàá, kò gba mọ́tò tí wọ́n ń tì.

Àlháájì wo Mẹ̀sí, ó wo pátákó. "Ẹ wò ó o. Àyè ọkọ Tíṣà kò jẹ́ kí ọkọ̀ Tíṣà kọjá."

Ẹ̀rín pa wọ́n tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí Ìjàpá padà sínú kòtò. Àlháájì fi òkúta gbá ìdí pátákó náà, òun àti Olúkọ́lá mì ín títí, wọ́n fà á tu tòun ti sìmẹ́ǹtì, wọ́n jù ú sẹ́bàá ògiri. Wọ́n ti Ìjàpá kọjá. Ó dórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ, Tíṣà jù ú sí jíà kejì, ó ta gìrì, ó hó, ó jí. Ó ń lọ, ó ń fun fèrè láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ó fi yà sí títì ńlá.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ dé ní aago méje àbọ̀, ọ̀gá iléèwé ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì, eruku wà ní bàtà rẹ̀, gèlè rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó débi iṣẹ́ lásìkò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àlháájì pe gbogbo ilé jọ sábẹ́ máńgòrò. Ó ní òun ti fọwọ́ ara òun ti mọ́tò yẹn, ẹ̀yìn sì ń ro òun, òun ò fẹ́ tì í mọ́ láyé òun. Ó dá òfin: mọ́tò tí kì í jí ló ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí, kí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn gbà. Olúkọ́lá lọ ra tapólì fún Dátósìn rẹ̀. Lùkúmọ̀n dé láti Baúṣì, Hàbíbátù ló bá a sọ̀rọ̀, a ò mọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n Mẹ̀sí ò tún gba ibẹ̀ mọ́.

Olúmúyìwá padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó wo ibi tí pátákó wà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé àyè náà ti kún ni, mà?"

"Èwo nínú wọn?" ni Tíṣà bi í.

"Èyí tí kò ní táyà."

Tíṣà ní kó jókòó. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń wá, ẹ̀gbẹ́ ilé oníbúrẹ́dì ló sì ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí Tíṣà tún Yorùbá Ọ̀wọ̀ rẹ̀ ṣe, á wá sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kẹta, ó gbé páálí kan gun àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Bátìrì tuntun ni. Ó gbé e sílẹ̀ láàárín pálọ̀, ó nu ọwọ́.

"Mo mọ òfin ilé yìí," ló wí. "Mo mọ ohun tí bátìrì yìí máa gbà lọ́wọ́ yín. Mi ò ní bi yín ní ìbéèrè kankan. Bẹ́ ẹ bá fi í sí mọ́tò, ẹ ti dá mi lóhùn. Bí ẹ ò bá fi í sí i, ẹ tà á, ẹ fi sanwó iléèwé ọmọ. Mi ò ní bínú."

Tíṣà fi aṣọ bo páálí náà bí ẹni pé àlejò ló ń sùn nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lọ. Gbogbo ilé ti gbọ́, nítorí nọ́ọ̀sì ló bá Olúmúyìwá gbé e lẹ́nu géètì. Láràárọ̀, wọ́n á dákẹ́ nínú yàrá wọn, wọ́n á máa fetí sílẹ̀. Ìjàpá á yí kalẹ̀ bó ṣe máa ń yí, á ta gìrì, wọ́n á mí kanlẹ̀. "Kò tíì gbà," ni Àlháájì máa ń sọ fún Hàbíbátù. Ọ̀sẹ̀ kejì lọ bẹ́ẹ̀. Láàárín rẹ̀ ni lẹ́tà dé, tó sọ ọ́ di ọ̀gá iléèwé gan-an, kì í ṣe adelé mọ́. Àwọn ará ilé bá a yọ̀, wọ́n jẹ ìrẹsì. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó ń ka ọjọ́ dé Àbámẹ́ta bí ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ ló ti wọ ilé ọkọ, ilé ọkọ ló ti wọ ilé opó, kò sí èyí tó yàn fúnra rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn ní ẹsẹ̀ méjìlá yẹn nìkan ni ilẹ̀ tó fẹnu ara rẹ̀ jà fún láyé, tó sì gbà. Ẹ̀rù ń bà á láti fi í sílẹ̀. Nígbà mìíràn, á ṣí aṣọ orí páálí, á wò ó, á bò ó padà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo ọgbà ń rùn bí ilẹ̀ tútù. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé bátìrì dìmú mọ́ ikùn, sípánà wà láàárín eyín rẹ̀. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn Ìjàpá kúrò, ibẹ̀ ni bátìrì rẹ̀ máa ń wà. Ó tú ti àtijọ́, ó de tuntun, ó nu ọwọ́ sára ìró. Ó jókòó sídìí sítíárì. Kò tu bíréèkì. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ìjàpá jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo ọgbà, fèrèsé Olúkọ́lá ṣí, ti nọ́ọ̀sì ṣí. Tíṣà jókòó, ó ń gbọ́ ọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ó wá jù ú sí jíà ẹ̀yìn, ó fi ẹ̀yìn rìn kúrò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó pa á.

Àlháájì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, orín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo abẹ́ máńgòrò tó ṣófo. Ó wo Ìjàpá nísàlẹ̀. Ó yọ orín lẹ́nu.

"Hàbíbátù," ló ké sínú ilé, "jáde wá. Tíṣà ti lọ́kọ."

Tíṣà Adérìnsọ́lá ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn tí Àlháájì fi pè é, ó gbọ́ ọ dáadáa. Kò tún un ṣe.